Kó o tó san owó ilé ẹ̀kọ́ bàálù: bí o ṣe máa rí ìmọ̀ràn tó ṣeé gbára lé lórí iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà

Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń béèrè gan-an ló ń ṣìnà jù. Wọ́n bi aṣojú ilé ẹ̀kọ́, wọ́n bi ẹni tó ń ṣe fídíò lórí YouTube, wọ́n bi ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ wọn ní Houston tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú (ìdí ẹrù ló ti ń ṣiṣẹ́ o, kì í ṣe ìdí ọkọ̀). Gbogbo wọn ló dáhùn. Wọ́n sanwó. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó gbọ́ pé físà tí wọ́n ní kò lè gbé wọn dé ẹnu iṣẹ́, tàbí pé oògùn tí wọ́n ń lò kò jẹ́ kí dókítà buwọ́ lùwé wọn.

Ìbéèrè tí gbogbo ayé kọ́kọ́ ń béèrè ni "Ilé ẹ̀kọ́ wo ló dáa?" Ìbéèrè karùn-ún nìyẹn. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ìmọ̀ràn tó dáa pàápàá máa pa ọ́ lára, torí ẹni tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn rò pé o ti parí mẹ́rin tó ṣáájú.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

Ìwé ìrìnnà rẹ, àti ìwé tó fi ipò rẹ hàn lójú òfin ìgbélùú Amẹ́ríkà. Àkọsílẹ̀ ìlera rẹ: orúkọ gbogbo oògùn tí o ń lò, ọdún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti dá ọ dúró rí. Bí o bá ti wa bàálù rí, mú ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí rẹ, látojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Owó àyẹ̀wò dókítà kan, pẹ̀lú owó ìfò kan ṣoṣo nínú bàálù kékeré láti mọ̀ bóyá ara rẹ gbà á.

Wá ìwé kékeré kan tí o máa pín ojú ewé rẹ̀ sí mẹ́ta: ẹni tó sọ̀rọ̀, ohun tó sọ, àti ibi tí òfin tàbí ìwé àdéhùn ti sọ bẹ́ẹ̀. Apá kẹta yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ìmọ̀ràn tí apá kẹta rẹ̀ bá ṣófo, àròyé ni.

Owó àsansílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ kò sí lára ohun tí o nílò báyìí.

Ìgbésẹ̀ 1: Mọ ohun tí ìwé ìgbélùú rẹ lè ṣe

Ìwé àṣẹ láti wa bàálù yàtọ̀ pátápátá sí àṣẹ láti ṣiṣẹ́. FAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Amẹ́ríkà, kò sọ pé dandan ni kó o jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kó o tó gba ìwé àṣẹ wọn. Ọmọ Ìbàdàn lè gbà á dé òkè pátápátá. Àmọ́ ka ìkéde iṣẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú: fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó ti ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọn ò ní bá wá físà.

Bí o bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí Green Card wà lọ́wọ́ rẹ, bọ́ sí ìgbésẹ̀ 2.

Bí o bá fẹ́ wá láti ilé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, oríṣi méjì ló wà. M-1 ni ti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́: oṣù mẹ́rin ẹ̀kọ́ ló ń fún ọ ní oṣù kan láti fi ṣiṣẹ́, kò sì lè kọjá oṣù mẹ́fà lápapọ̀. F-1 ni ti yunifásítì àti kọ́lẹ́jì, ó sì lè fún ọ ní oṣù 12 láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, èyí tí àwọn kan fi ń kọ́ ẹlòmíì ní wíwa bàálù. Kò sí èyí tó sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà nínú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ máa ń kó ìwé àṣẹ náà wálé, wọn á sì wá iṣẹ́ ní Áfíríkà tàbí níbòmíì. Ọ̀nà rere nìyẹn, bó bá jẹ́ ohun tí o ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wo ìròyìn físà lọ́jọ́ tí o fẹ́ ṣe é gan-an, lórí travel.state.gov. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Amẹ́ríkà ká físà akẹ́kọ̀ọ́ F àti M lọ́wọ́ kò fún Togo. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún kan náà, wọ́n kéde pé Nàìjíríà àti Benin náà wọ ọ̀wọ́ yẹn. Ìmọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni bá ti fún ọ ṣáájú ìgbà yẹn ti di àkísà.

Bí o bá ti ní ìwé àṣẹ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, bóyá láti ilé ẹ̀kọ́ bàálù Zaria tàbí Ìlọrin, wákàtí tí o ti fò kò ṣòfò. FAA á kà wọ́n. Ohun tí wọn ò ní ṣe ni kí wọ́n pààrọ̀ ìwé àṣẹ ńlá fún ìwé àṣẹ ńlá. Lábẹ́ òfin 61.75, ìwé àṣẹ awakọ̀ aládàáni (ẹni tó ń wa bàálù fún ara rẹ̀, tí kì í fi gba owó) nìkan ni wọ́n máa ń gbé ka orí ìwé ilẹ̀ òkèèrè. Tìṣòwò (èyí tí o lè fi gba owó) àti ATP (èyí tó ń gbé ọ dé ìdí bàálù akérò ńlá), àfi kó o jókòó ṣe ìdánwò wọn.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú:* aṣojú á sọ pé "Bó o bá parí, iṣẹ́ á yọ." Ní kó fi orúkọ iléeṣẹ́ náà àti irú físà tó máa gbà ọ́ síṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ nínú ímeèlì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í dáhùn mọ́.

*Àyẹ̀wò:* ṣé o lè sọ ní gbólóhùn kan orílẹ̀-èdè tí o ti máa ṣiṣẹ́ àti ìwé tó fún ọ ní ẹ̀tọ́ náà? Bí o bá ṣì ń ṣiyèméjì, má tíì lọ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Lọ bá dókítà kó o tó lọ bá ilé ẹ̀kọ́

Ìwé ìlera ìpele kìíní ni awakọ̀ àgbà iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń lò, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ sì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gbà. Oṣù 12 ló ń lò fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ 40 ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Dókítà tí FAA fọwọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní AME, nìkan ló lè fún ọ. Orúkọ wọn wà lórí ìkànnì FAA, o lè fi ìlú tí o wà wá wọn.

Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lórí ìkànnì tó ń jẹ́ MedXPress. Ibí ni kó o ti fara balẹ̀ jù. Bí o bá kọ ọ́ tán, nọ́ńbà kan á jáde. Ọjọ́ tí o bá fún AME ní nọ́ńbà yẹn tó sì ṣí fọ́ọ̀mù náà, àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin: bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kíkọ̀ náà á wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ. Nítorí náà, bí ohunkóhun bá ń kọ ọ́ lóminú, pe AME, sọ pé ìmọ̀ràn nìkan lo fẹ́, san owó rẹ̀, má fún un ní nọ́ńbà. Ó máa sọ ìwé tó yẹ kó o gbà lọ́dọ̀ dókítà rẹ kó o tó padà wá.

Ohun tó máa ń kọ́ àwọn ènìyàn wa lẹ́sẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni àkọ́kọ́: 155/95 ni òté FAA, wọ́n sì ń fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ tó ń lo oògùn rẹ̀, bí ó bá ti wálẹ̀. Ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti oògùn fún àìlèfọkànsíṣẹ́ tí wọ́n kọ fún ọ nílé ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà lè sún ìwé rẹ síwájú ní ọ̀pọ̀ oṣù, àmọ́ kì í ṣe òpin. Àwọ̀ tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀. Igbó mímu náà wà níbẹ̀: bí òfin ìpínlẹ̀ rẹ bá tilẹ̀ gbà á láyè, òfin ìjọba àpapọ̀ ni FAA ń tẹ̀ lé, kò sì gbà á. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ bá jẹ́ AS tàbí SS, fi kún ohun tí o máa bi AME nígbà ìmọ̀ràn; má gbára lé ohun tí ẹnikẹ́ni sọ lórí WhatsApp.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú:* "Má sọ fún wọn, wọn ò ní mọ̀." O máa gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ gidi pàápàá. Fọ́ọ̀mù náà kọ ìjìyà irọ́ sí ara rẹ̀: owó ìtanràn tó lè dé $250,000 àti ẹ̀wọ̀n tó lè dé ọdún márùn-ún. Oògùn tí o fúnra rẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n béèrè rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ìwé ìlera ìpele kìíní wà lọ́wọ́ rẹ, tàbí AME ti kọ ohun tó kù sílẹ̀ fún ọ pẹ̀lú iye àkókò tó lè gbà. "Ara mi le" kì í ṣe àyẹ̀wò.

Ìgbésẹ̀ 3: Fi iye wákàtí sórí kó o tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀

Ẹni tí kò mọ iye náà ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Iye wákàtí náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ecfr.gov, ní Part 61, apá òfin tó sọ̀rọ̀ nípa ìwé àṣẹ awakọ̀, kò sì pọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ dá wa bàálù gbọ́dọ̀ pé ọmọ 16 ọdún. Awakọ̀ aládàáni, ọmọ 17, ó kéré tán wákàtí 40. Ọ̀pọ̀ ló ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí náà má fi 40 ṣe ìṣirò owó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé àṣẹ wíwa bàálù nínú ìkùukùu pẹ̀lú ohun èlò nìkan. Tìṣòwò, ọmọ 18, wákàtí 250, tàbí 190 ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Part 141, ìyẹn èyí tí FAA fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀. Níbí lo ti lè máa gba owó, àmọ́ kò tíì gbé ọ dé ìdí bàálù akérò ńlá.

Ìwé tó gbé ọ débẹ̀ ni ATP: ọmọ 23 ọdún, wákàtí 1,500. Àdínkù wà: ọmọ 21 lè lo 1,000 bó bá gba oyè yunifásítì nínú ìmọ̀ òfuurufú ní ilé ẹ̀kọ́ tí FAA fọwọ́ sí fún un, 1,250 bó jẹ́ oyè ọlọ́dún méjì, 750 bó jẹ́ awakọ̀ ológun. Òpin iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ akérò jẹ́ ọmọ 65. Ọmọ 38 tó ń béèrè bóyá ó ti pẹ́ jù, ìṣirò ni kó ṣe.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú:* ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní "Láti òdo sí awakọ̀ iléeṣẹ́ ní oṣù mẹ́sàn-án" wákàtí 250 ló ń tà fún ọ. Èyí tó kù sí 1,500, ìwọ lo máa wá a.

*Àyẹ̀wò:* gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o sì sọ fún ẹnì kan nínú ilé: ìwé àṣẹ wo ló tẹ̀ lé èwo, wákàtí mélòó, ọjọ́ orí mélòó. Bí o bá ṣì ń da tìṣòwò pọ̀ mọ́ ATP, tún un kà.

Ìgbésẹ̀ 4: Wá àwọn tó mọ̀ ọ́n, kó o sì yẹ̀ wọ́n wò

Ó ti yá kó o máa béèrè báyìí. Ibi tí mo máa kọ́kọ́ rán ọmọ ìyá mi lọ ni pápákọ̀ kékeré tó sún mọ́ ilé rẹ̀, níbi tí àwọn bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan ń jókòó sí, ní àárọ̀ Sátidé. EAA, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn bàálù, ní ẹ̀ka ní ọ̀pọ̀ irú ibẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé ọmọ ọdún 8 sí 17 fò lọ́fẹ̀ẹ́. Bí o bá ní ọmọ tó ń dàárò bàálù, mú un lọ kó o tó ná kọ́bọ̀.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, r/flying lórí Reddit kún fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, kò sì sí ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀ tí wọn ò tíì dáhùn níbẹ̀. Fi àpótí ìwákiri wá a kó o tó kọ tìrẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀. Ìkànnì Airline Pilot Central dára fún owó oṣù àti ìgbanisíṣẹ́ iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. AOPA, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ní bàálù, wúlò fún òfin àti ọ̀rọ̀ ìlera. OBAP, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú nínú iṣẹ́ òfuurufú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, máa ń fi àgbà so mọ́ ọ̀dọ́, wọ́n sì ń fúnni ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Fún obìnrin, ẹ wo Sisters of the Skies náà, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ obìnrin aláwọ̀ dúdú.

Bí o ṣe máa béèrè ṣe pàtàkì ju ibi tí o ti béèrè lọ. Kí àgbà tí o kọ̀wé sí dáadáa, ṣùgbọ́n má kàn kọ "Ẹ kú iṣẹ́ sà" kó o wá dákẹ́ máa dúró dè é. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ìrìn ọjọ́ mẹ́rin kò ní ráyè bi ọ́ pé kí lo fẹ́. Ìkíni àti ìbéèrè, àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà. Irú èyí ni wọ́n ń dáhùn:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ ọdún 27 ni mí, mo ní Green Card, mo ti gba ìwé ìlera ìpele kìíní. Maryland ni mò ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mo ti fi $18,000 pa mọ́. Ṣé kí n fi owó ọwọ́ mi gba ìwé àṣẹ aládàáni ládùúgbò kí n tó ronú ẹ̀yáwó, àbí kí n dúró títí gbogbo owó á fi pé?"

Wo bó ṣe rí: ìgbésẹ̀ 1 sí 3 ti wà nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí, yẹ olùdámọ̀ràn wò. Ìkànnì FAA ní ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi orúkọ wá awakọ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọn, Airmen Inquiry ló ń jẹ́. Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní kápíténì tó sì fẹ́ gba owó ìtọ́sọ́nà lọ́wọ́ rẹ, wá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe àrífín. Wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ìmọ̀ràn náà pẹ̀lú: ní 2022 àti 2023 àwọn iléeṣẹ́ ń gbani bí ẹni ń kó àgbàdo, ní 2024 ọ̀pọ̀ wọn dẹwọ́. Ẹni tó wọlé ní 2022 máa sọ fún ọ tọkàntọkàn pé kò le, òótọ́ tiẹ̀ ni.

*Àyẹ̀wò:* ènìyàn mẹ́ta tí wọn ò mọ ara wọn, tí wọn ò rí èrè kankan nínú ìforúkọsílẹ̀ rẹ, ti dáhùn ìbéèrè kan náà, o sì ti kọ èsì wọn sínú ìwé. Ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó wọṣẹ́ láàrin ọdún méjì sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ 5: Fọ̀rọ̀ wá ilé ẹ̀kọ́ lẹ́nu wò

Láti òdo títí dé ìwé àṣẹ olùkọ́, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ oníkíá ń gba iye tó lé ní $100,000. Ẹ̀yáwó ló pọ̀ jù níbẹ̀, àǹtí tó bá bá ọ buwọ́ lù ú sì ni wọ́n máa pè bó o bá dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà. Ẹ jọ ka ìwé náà.

Lọ síbẹ̀ fúnra rẹ. Jókòó sí yàrá ìdúró fún wákàtí kan, bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ wọn kò sí nítòsí. Bi wọ́n pé bàálù mélòó ló lè fò lónìí, kì í ṣe mélòó ni wọ́n ní. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kí ẹni tó ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò fún ìwé àṣẹ tó ráyè? Olùkọ́ mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ń pààrọ̀? Ìbéèrè bàálù yẹn nìkan ti lé mi kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kan rí. Bóyá ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ Part 141, tàbí Part 61 tí kò ní irú ètò ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, kò sọ èyí tó dáa jù fún ọ: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sábà máa ń rọrùn fún ní Part 61, ẹni tó ń lo físà akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wá èyí tí ìjọba fọwọ́ sí láti gba àlejò, orúkọ wọn wà lórí studyinthestates.dhs.gov.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú, tó sì dùn wọ́n jù:* sísan gbogbo owó ṣáájú torí "ẹ̀dínwó." Ní oṣù kejì ọdún 2008, Silver State Helicopters, ilé ẹ̀kọ́ hẹlikópítà ńlá ní Amẹ́ríkà, ti ilẹ̀kùn lójijì, ó sì lọ sọ nílé ẹjọ́ pé òun ti wọko gbèsè. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fi ẹ̀yáwó san owó wọn tán ló kù sórí gbèsè láìní ìwé àṣẹ. San bí o ṣe ń fò.

Ìkejì: ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda TSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ìrìnnà, kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, ìtẹ̀ka wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní Green Card náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan á sọ fún ọ pé kò kàn án.

*Àyẹ̀wò:* ìlànà bí wọ́n ṣe ń dá owó padà wà lọ́wọ́ rẹ lórí ìwé, o mọ iye wákàtí kan bàálù àti ti olùkọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, o sì ti fò lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú wọn.

Ìgbésẹ̀ 6: Má jẹ́ kí wákàtí rẹ pé lójú, kó má pé lábẹ́ òfin

Láti 250 dé 1,500, èyí tó pọ̀ jù ń kọ́ni. Àwọn kan ń wa ọkọ̀ tó ń fa àsíá ìpolówó, àwọn kan ń gbé àwọn tó ń fi páráṣúùtì fò, àwọn kan ń ya àwòrán ilẹ̀ látòkè. Ìmọ̀ràn lórí èyí pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Èyí tí kò pọ̀ ni ti ohun tó wà nínú 1,500 náà. Dandan ni kí 500 jẹ́ ìrìn ọ̀nà jíjìn, 100 lóru, 75 pẹ̀lú ohun èlò nìkan, 50 nínú bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì, àti 250 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni àṣẹ ọkọ̀. Olùkọ́ tó ń fò lọ́sàn-án yípo pápákọ̀ kan ṣoṣo lè dé 1,500 kí tòru rẹ̀ má tó 60. Ẹlẹ́ńjìnnì méjì sì wọ́n.

Má fi wákàtí tí o kò fò kún ìwé. FAA lè gba gbogbo ìwé àṣẹ tó wà lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe é. Ìdánwò tí o bá kùnà náà wà nínú àkọsílẹ̀ tí iléeṣẹ́ máa ń yẹ̀ wò, PRD ni wọ́n ń pè é. Ìkùnà ẹ̀ẹ̀kan kì í lé ni. Pípa á mọ́ ló ń lé ni. Nítorí náà, bí olùkọ́ rẹ bá ń tì ọ́ lọ ṣe ìdánwò tí o mọ̀ pé o kò tíì gbára dì fún, kọ̀.

Kó o tó jókòó ṣe ìdánwò orí ìwé ATP, ẹ̀kọ́ ATP-CTP wà: wákàtí 30 nínú kíláàsì, 10 nínú símúlétọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi bàálù lórí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kéékèèké tó ń fò lábẹ́ orúkọ àwọn ńlá máa ń san án fún ẹni tí wọ́n bá ti gbà síṣẹ́, nítorí náà béèrè kó o tó fi owó ara rẹ san án. Bí wọ́n bá máa san án, wá ojú ewé tó sọ̀rọ̀ nípa dídúró lẹ́nu iṣẹ́: oṣù mélòó, èló lo máa dá padà bí o bá tètè kúrò, ṣé ó ń dín kù bí oṣù ṣe ń lọ.

*Àyẹ̀wò:* ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, ro apá márùn-ún yẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó bá kéré jù ni kó o fi ṣètò oṣù tó ń bọ̀, kó o sì sọ fún ẹni tó ń pín iṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ alẹ́ lo fẹ́.